Ẹ kọ̀wé sí asíráńsì ọkọ̀ tó kọlù yín

Sí Olóòtú,

Bí ọkọ̀ ẹrù bá kọlu alùpùpù ní ọ̀nà Ìpọbẹ̀ sí Kétu, kíá ni awakọ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, á san owó oògùn ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn á sì ní kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. N kò bẹnu àtẹ́ lu ìlàjà, nítorí ó ń pa ìbínú. Ṣùgbọ́n owó tí a ó fi tọ́jú ẹsẹ̀ tó kán kò sí lápò awakọ̀, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ asíráńsì ọkọ̀ rẹ̀ ló wà.

Òfin CIMA, ìyẹn òfin asíráńsì tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò, tó bá àdéhùn tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fọwọ́ sí ní Yaoundé lọ́dún 1992 rìn, pa á láṣẹ fún ilé-iṣẹ́ náà pé kó sọ iye tí yóò san fún ẹni tó farapa kí oṣù 12 tó pé lẹ́yìn ìjàǹbá; bí ẹni náà bá kú, kó sọ ọ́ fún àwọn àrólé rẹ̀ láàárín oṣù 8. Lóòótọ́, òfin ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ bí a kò tilẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá ẹni tí kò mọ̀ rí kiri láti fún un lówó?

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, àgọ́ ọlọ́pàá tó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé asíráńsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. (Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa fi fóònù ya àwòrán ẹ̀jẹ̀, wọn kì í ya ìwé yẹn.) Ẹ̀dà ìwé dókítà àti ti rìsíìtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá mú lẹ́tà náà lọ fúnra yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ẹ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́, títí ẹnì kan yóò fi ka gbogbo Faransé inú rẹ̀ fún yín.

Bí ọkọ̀ náà bá gba Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà, ẹ béèrè Carte Brune ti CEDEAO (ECOWAS), ìyẹn káàdì asíráńsì ọkọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ ń lò, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kùtọ̀nu lọ́dún 1982. Ọ́fíìsì Carte Brune ti Benin níbí ni ẹ ó kọ̀wé sí, kì í ṣe Èkó.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni kí ẹ tẹ àpẹẹrẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jáde ní Faransé, pẹ̀lú ìtumọ̀ Yorùbá lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Kétu