Màmá, mo ṣì di Jésù mú

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àdúrà lórí wa. Ẹ bi mí bóyá mo ṣì di Jésù mú níbi tí mo wà yìí. Mo dì í mú ṣinṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò yéé bi mí ní ìbéèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ lójú gbogbo èèyàn pé ìtàn àròsọ ni Jésù. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mi ò pariwo. Mo ní kó lọ wo ohun tí Tacitus, òpìtàn Róòmù, kọ ní nǹkan bí ọdún 116. Kì í ṣe onígbàgbọ́, kò tiẹ̀ fẹ́ràn wa rárá, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé Pọ́ńtíù Pílátù ló pàṣẹ kí wọ́n pa Kristi. Mo tún sọ fún un pé kò tíì tó 30 ọdún lẹ́yìn ikú Jésù tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ìwé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé èèyàn tó lé ní 500 ló rí I lẹ́yìn àjíǹde, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láàyè. Ta ló máa kọ irú rẹ̀ tó bá jẹ́ irọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n lè bi?

Ó gbọ́, kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku èmi àti òun nìkan, ó ní níbo ni Ọlọ́run wà nígbà tí àìsàn pa àbúrò òun. Màmá, ìbéèrè yẹn wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò ní èsì tó lè nu ẹkún yẹn nù, mi ò sì díbọ́n pé mo ní in. Mo kàn sọ fún un pé Jésù sunkún kó tó dé ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa tó jí i dìde. Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ ṣáá, kò fọhùn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ Pétérù, pé ká múra tán láti dá ẹni tó bá bi wá nípa ìrètí wa lóhùn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé pé ó ní ká fi ìwà tútù ṣe é. Ó máa ń dùn mí tí onígbàgbọ́ bá ń bú ẹni tó ń béèrè.

Àǹtí ní kí n yẹra fún un kó má baà yí mi lọ́kàn padà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mi ò lè yẹra. Ó ti ní ká jọ ka ibi tí Jésù ti sunkún yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi wá sínú ààwẹ̀ yín.

Èmi ni, ọmọ yín.