Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀: Ẹni Tí À Ń Retí

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kejìlá.

Bọ́sẹ̀ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti là, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì ń jẹ eruku ju epo lọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́. Ibi tí o ti ní, "Mò ń gbàdúrà, àmọ́ ó dà bí ẹni pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀," kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn náà lo tún wá fi fídíò wòlíì yẹn lé e, èyí tó ní Jésù á dé kí ọdún yìí tó parí, o ní ẹ̀rù ń bà ọ́, o ò mọ̀ bóyá o ti múra tán.

Jẹ́ ká ti ti fídíò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àbí o ti gbàgbé oṣù Karùn-ún ọdún 2011? A ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa nígbà tí Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn ni Olúwa á wá kó àwọn tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ Sátidé ni. Ìwọ yìí lo ní kí n má wulẹ̀ gbé aṣọ ẹbí yẹn sórí ẹ̀rọ! Ọjọ́ Ajé pé, aṣọ ẹbí ń wò wá lójú, ọ̀gá náà ń wò wá. Baba yẹn tún sún un sí oṣù Kẹwàá, kó tó jẹ́wọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé òun ṣìnà. Jésù ní àwọn áńgẹ́lì pàápàá ò mọ ọjọ́ náà. Èwo wá ni tèmi tìrẹ pẹ̀lú ẹni tó láwọn mọ̀ ọ́n?

Ti ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Ìwọ náà ti ṣe télọ̀ rí, o mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí. Tí mo bá gbọ́ hóònù ọkọ̀ oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì bó ṣe gbé e wá, àyà mi á là gààràgà, màá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, màá ní kí ọmọ iṣẹ́ sọ fún un pé ó ku bọ́tìnnì. Àmọ́ tí màmá mi bá ní àwọn ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ilé lè má mọ́, ọbẹ̀ lè má jinná, títì ni etí mi máa wà. Ẹni méjèèjì ló ń bọ̀. Ọ̀kan, gbèsè ló so wá pọ̀. Èkejì, ọmú wọn ni mo mu dàgbà. Bọ́sẹ̀, bí oníbàárà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń retí Jésù.

Láti oṣù Kẹsàn-án, orí kan péré ni mò ń kà ní ìdájí, Jòhánù 15. Ọkọ mi ní ṣé mi ò tíì kà á tán ni. "Ẹ máa gbé inú mi, èmi ó sì máa gbé inú yín." Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì wa tó jáde lódindi ní 1884 ò sọ pé ká máa yà kí i o, wọ́n ní ká máa gbé. Onílé kì í kàgò kó tó wọlé. Ó lè jókòó síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, kó ká ẹsẹ̀ sókè. Àlejò ni èmi máa ń ṣe nínú àdúrà tèmi: mo dé, mo kí i, mo ka ẹjọ́ mi, mo ní "ní orúkọ Jésù," mo jáde. Ní báyìí, mo máa ń jókòó. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníléèsì, ìbínú yẹn náà ni mo gbé síwájú rẹ̀, mi ò fi sáàmù bò ó. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n kò dà bí ògiri mọ́.

Lánàá a gba Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún ró. Àlùfáà dúró títí ọwọ́ yẹn fi rọlẹ̀, ló bá fi àkàrà sí i. Wọn ò tíì fi sẹ́nu tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ káàbọ̀, Olúwa mi." Ẹ káàbọ̀! Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pé bí a bá ń jẹ ẹ́, ikú Olúwa là ń kéde "títí yóò fi dé," etí lásán ni mo sì fi ń gbọ́ ọ. Ìyá yìí ti ń kí i káàbọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́jọ́ tó bá dé, ohùn wọn ò ní ṣàjèjì sí i.

Má torí fídíò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Àwọn kan ní Tẹsalóníkà ṣe bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní ẹni tí ò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun. Nígbà tí o bá ń yí ìyá olóyìnbó tí ò ń tọ́jú yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì láago mẹ́ta òru, ibẹ̀ ni kí o ti bá Jésù sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ gbólóhùn kan. Orin Dáfídì 130 ní ọkàn òun ń dúró de Olúwa ju àwọn tí ń ṣọ́nà fún òwúrọ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀, ìwọ ni mo máa ń rí, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ lẹ́bàá fèrèsé.

Mo ti fi èlùbọ́ àti ìrú rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Di ìrú yẹn dáadáa kí àwọn ará ilé rẹ má baà pe ọlọ́pàá.

Hóònù kan ti ń dún níta. Oníkàfùtánì ni. Bọ́tìnnì ló kù lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́