Lẹ́tà sí Dípọ̀: Má tíì gun ègùn yẹn

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì.

Dípọ̀ ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Ìbejì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ń kọ́? Àwọn Ìbejì ń kọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, ooru ti gba ìlú. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti mú iná lọ, abẹ́ igi máńgòrò ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Ìwọ tí o máa ń sá pamọ́ tí bàbá rẹ bá ti mú àdá lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ náà lo wá lọ ra ilẹ̀ onígbó ní Georgia l'Amẹ́ríkà! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà tóbi, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Àga irin tí wọ́n so mọ́ igi yẹn, tí àkàbà rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ègùn ni. Ègùn ọdẹ gan-an. Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ de àgbọ̀nrín kí wọ́n tó ta ilẹ̀ náà fún ọ kò ṣe ju ohun tí bàbá mi ń ṣe lọ. O wá ní o fẹ́ kí àwọn Ìbejì máa gùn ún ṣeré. Jọ̀ọ́, dúró ná, kí n sọ ohun tójú mi rí.

O rántí oko wa lọ́nà Ìdánrè. Ègùn méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà lórí igi ìyeyè létí odò, igi àti ìtàkùn ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dègùn lóru nígbà tí èso ìyeyè bá ń já bọ́, torí etu kì í gbàgbé ìdí ìyeyè. Èkejì jẹ́ onírin. Wẹ́dà kan ló bá wọn jó o nígbà tí orúnkún wọn kò gbà fún gígun igi mọ́, wọ́n wá gbé e ti igi arère kan, wọ́n fi okùn ọ̀rá dè é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọdún mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan ni mo ní kí n gòkè lọ wo bí oko ṣe rí. O kúkú mọ ìwà mi. Mo mi àkàbà náà lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ̀, mo bá ń gùn ún lọ. Mo dé ìdajì, okùn já pàù. Kì í ṣe pé kókó rẹ̀ tú o, ó já ni. Àkàbà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fò mọ́ ẹ̀ka kan bí ọ̀bọ, ibẹ̀ ni mo rọ̀ sí tí mo ń pe Ọlọ́run, tí mo ń pe ìyá mi, tí mo tún ń pe bàbá tó ti kú. Àyà mi bó, bàtà mi kan já bọ́ sínú ewé. Ọmọkùnrin tó ń bá wa roko ló sá lọ gbé àkàbà mìíràn wá. Nígbà tí mo mú okùn náà dání, ńṣe ló ń rún lọ́wọ́ mi bí ewé gbígbẹ. Oòrùn ti jẹ ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ lójú lásán, bí okùn ni ó ṣì rí.

Bẹ́líìtì tó so tìrẹ mọ́ igi, ọ̀rá lòun náà. Oòrùn ń jẹ ẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ sì máa ń rún un lẹ́nu. Tún wo fọ́tò rẹ dáadáa: ṣéènì kan wà lókè tí èèpo igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì. Igi ń sanra lọ́dọọdún, ṣéènì kì í sanra. Nítorí náà má sọ fún mi pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ tí kò ṣubú. Pípẹ́ tó pẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Kọ́kọ́ bi aládùúgbò rẹ bóyá ọdẹ kan ṣì ń retí ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n má fẹsẹ̀ kan àkàbà rẹ̀. Akọ́pẹ ni mo bẹ̀ fún tèmi. Bàbá náà fi ọ̀pá gígùn gbá abẹ́ àga láti ilẹ̀, ó ní kí ohun tó bá ń gbébẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Agbọ́n ló jáde! A sá títí dé ojú títì, ọjọ́ kejì la tó padà. Ó wá fi igbà rẹ̀ kọ́ra mọ́ igi arère, ó gùn ún láìfara kan irin náà. Ó gbé okùn tuntun kọjá lórí ẹ̀ka tó lágbára, ó so ó mọ́ àga, àwa méjì di ìdí okùn mú nílẹ̀ lọ́nà jíjìn, ìgbà yẹn ló tó gé èyí tó kù nínú okùn àtijọ́. A ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga, àmọ́ sísàlẹ̀. ₦5,000 ni mo fún un, ó sì tọ́ sí i. Àwọn tó ń gé igi lọ́dọ̀ yín náà ní bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń yí igi ká, igbà ni, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Sanwó fún ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́líìtì tí ẹni tó ta ilẹ̀ fún ọ fi sílẹ̀ sínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ, má lò ó, torí o ò mọ iye ọdún tó ti lò nínú oòrùn.

Nígbà tó délẹ̀ tán ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ní ká gbé tánkì omi lé e lórí. Mo ní tánkì lítà mélòó? Ó ní 500. Lítà omi kan, kílò kan. Kílò 500 lórí irin tí wọ́n jó fún ẹnì kan ṣoṣo, ọdẹ tínínrín bíi bàbá wa! Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní mo ń ṣe bí ẹnjiníà. Kò burú.

Ohun tí a padà ṣe nìyí. Wẹ́dà gé ẹsẹ̀ àga náà kù sí ìbàdí, ó fi irin dábùú láàárín wọn kó má baà mì, ó sì gba ₦7,000. A tẹ́ ẹní lé e, orí rẹ̀ la ti ń sá kòkó báyìí. Ewúrẹ́ kò dé ibẹ̀, òjò òjijì bá sì dé, ènìyàn méjì á gbé e wọlé pẹ̀lú kòkó lórí. A ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, a sì kun ún kí ẹní tó gorí rẹ̀. Àkàbà náà, a fi í ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọ́ amúnútutù ti gùn ún dé òkè. Ìyàwó mi ní òun nìkan ló jèrè ikú ègùn yẹn.

Tìrẹ, bí wọ́n bá ti pa síńkì sí irin náà lára, má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o láìkọ́kọ́ ha síńkì náà kúrò, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára. Fi ayùn irin gé e, kí o fi bóòtù dè é. Bí àwọn Ìbejì bá fẹ́ ṣeré, kó má ga ju orúnkún wọn lọ.

Ègùn kejì, onípákó tí o ní ó wà lẹ́yìn ilé, ìyẹn ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù. Títí di ìparí 2003, oògùn tó ní arsenic, májèlé burúkú kan, nínú ni wọ́n ń fi sí ọ̀pọ̀ pákó iṣẹ́ ìta gbangba ní Amẹ́ríkà nítorí ikán. Mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn kí o máa sun ẹran lẹ́yìn ilé. Má fi pákó yẹn dáná o! Má sì fi ṣe etí ebè ẹ̀fọ́. Pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, kí o sọ ohun tó jẹ́ fún wọn.

Onígi ti bàbá mi ṣì wà lórí ìyeyè, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ọ̀pá mẹ́ta lọ. Mi ò tíì ní ọkàn láti sọ ọ́ kalẹ̀.

Wọn àga irin yẹn fún mi nígbà tó bá délẹ̀, ìbú àti òró, kí n bi wẹ́dà mi ohun tó lè jáde nínú rẹ̀. Bá mi kí Ìyá Ìbejì.

Èmi ni,
Fẹ́mi