Kọ̀ǹpútà mọ̀ tí iná bá lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ gba àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká jẹun, pé ká tètè wá owó bátìrì tuntun. N ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tí ẹ fò ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí iná lọ, a sì lè ti pàṣẹ fún un sílẹ̀.

Ní Lágere, nílé Ifẹ̀ níbí, ni mo ti ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Windows ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń lò. Wọ́n á ṣètò rẹ̀ nínú Task Scheduler, ètò Windows tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí a bá dá fún un, pé kó máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ oníbàárà sórí fláàṣì nírọ̀lẹ́. Bí iná bá ti lọ, kò ní ṣe é, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn. Kò ṣàìsàn o. Ẹ ṣí Conditions, ibi tí wọ́n kọ ohun tí iṣẹ́ náà ń dúró dè sí, wò: wọ́n ti máàkì í látilẹ̀ pé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí iná, tó bá sì bọ́ sórí bátìrì, kó dáwọ́ dúró. Ẹni tó ṣètò yẹn ò gbé Ifẹ̀ rí! Ẹ yọ àmì méjèèjì.

Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni tèmi. Lábẹ́ fódà /sys/class/power_supply, fáìlì kékeré kan wà tó ń jẹ́ online. Tí iná bá wà, 1 lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá lọ, ó di 0. udev, ètò inú Linux tó ń kíyè sí ohun tó bá yí padà lára ẹ̀rọ, ló ń bá mi ṣọ́ ọ, òun ló ń pe systemd, ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀, kó ṣe ẹ̀dà. Ẹ má gbé iṣẹ́ tó gùn lé udev fúnra rẹ̀ lórí, yóò gé e láàárín ọ̀nà.

Ti oorun kọ̀ǹpútà ló wù mí jù. Script, ìyẹn fáìlì tí a kọ àṣẹ sí, tó bá wà nínú fódà /usr/lib/systemd/system-sleep, "pre" ni systemd máa ń sọ fún un kí kọ̀ǹpútà tó sùn, "post" tó bá jí. Kọ̀ǹpútà á sì dúró kó parí kó tó sùn. Tèmi máa ń ní kí kọ̀ǹpútà jáwọ́ lára fláàṣì ní "pre", torí náà, tí mo bá pa ìdérí dé tó sì sùn, ọmọ iṣẹ́ mi lè fà á yọ, fáìlì ò ní bàjẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá igun kan fún irú nǹkan báyìí nínú ìwé ìròyìn yín, ní Yorùbá. Kí ẹni tó bá máa kọ ọ́ má gbàgbé àwọn oníjẹnẹrétọ̀: kọ̀ǹpútà ò mọ iná ìjọba yàtọ̀ sí tiwọn, 1 náà ló máa kà bí epo tilẹ̀ ń jó.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀