Sí ọmọ ìyá mi tó gbé máìkì sílẹ̀

Àbúrò mi,

Ó pé oṣù mẹ́jọ tí a sin Màmá, o kò sì darí orin mọ́ láti ìgbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o sọ fún mi lórí fóònù pé o kò bá ìjọ jà, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń há ọ lọ́fun: Kábíyèsí. O ní bí ẹnikẹ́ni kò bá lè bi Ọlọ́run pé kí ló dé, níbo lo fẹ́ gbé ìbéèrè inú rẹ sí? Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni mò ń sun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù kan kúrò lọ́rùn rẹ. Ní alẹ́ ìṣọ́ òru tó kẹ́yìn, ẹnì kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún ní bí ìyìn bá gbóná tó, Màmá yóò dìde. O kọrin títí ohùn rẹ fi há. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lọ. Mo mọ̀ pé láti ìgbà náà lo ti ń rò pé orin rẹ ni kò tó. Irọ́ ni, ọmọ ìyá mi. Orin wa kì í ṣe okùn tí a fi ń fa ọwọ́ Ọlọ́run. Ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12: Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, nínú orí yẹn náà, áńgẹ́lì mú Pétérù jáde lẹ́wọ̀n. Ta ló fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù ni kò gbóná? Sáàmù 115 ní Ọlọ́run wa ń bẹ ní ọ̀run, ohun tó wù ú ló ń ṣe. Bí a bá gba èyí gbọ́, a ò ní máa fi ìyìn san àsansílẹ̀ fún ìwòsàn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó dúró níwájú iná ìléru mọ̀ ọ́n: Ọlọ́run wa lè gbà wá, ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní forí balẹ̀ fún ère ọba. Àní nínú àdúrà tí Jésù kọ́ wa, "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe" ló ṣáájú oúnjẹ òòjọ́. Láti kékeré ni mo ti ń ka àdúrà yẹn kí n tó ṣàkíyèsí èyí tó ṣáájú.

Ó wá ku Kábíyèsí. Òótọ́ ni, ẹni tí yóò bi ọ́ kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ibo ló ń gbé ẹjọ́ lọ? Ààfin ni. Yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà ni yóò ti figbe ta pé, "Kábíyèsí, ẹ gbà mí o!" Ta ní jẹ́ lọ ké sí ẹni tí kò lágbára? Nítorí pé ó gbà pé ọba ni ọba ló ṣe ń ké.

Bẹ́ẹ̀ ni Jóòbù ṣe. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fá orí, ó wólẹ̀, ó sì sìn, inú ẹsẹ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Dáfídì bi Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ Sáàmù 13. Hábákúkù náà fi ìbéèrè yẹn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, igi ọ̀pọ̀tọ́ kò tíì tanná, màlúù kò sí ní ibùjẹ, síbẹ̀ ó ní òun yóò yọ̀ nínú Olúwa. Ìwọ wá wo ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé rẹ̀: ó fi orin náà ránṣẹ́ sí olórí akọrin, pẹ̀lú ohun èlò orin olókùn. Olórí akọrin, àbúrò mi! Irú rẹ ló fi í lé lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìsìn wa nìyí: a fẹ́ràn ìtẹ́ Ọba, a sì ti lé ẹni tó ń ké kúrò níwájú rẹ̀. Kíá ni wọ́n á ti ní ká jó. Opó yóò jókòó sẹ́yìn, kò ní rí orin kan tí kò ní di irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí a ṣe ìdúpẹ́ ìsìnkú Màmá, mo gbé ọwọ́ sókè nítorí pé gbogbo ènìyàn gbé e. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Mi ò mọ ìdí tí Olúwa fi mú wọn lọ, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, òun náà ni mo sì ń sunkún sí lóru.

Wọ́n ní ìdánrawò akọrin ṣì jẹ́ ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Sáàmù 13 kò ju ẹsẹ 6 lọ. Kí wọ́n gbé gángan sílẹ̀ ná. Fi ohùn rẹ tó há yẹn dá ẹsẹ kìíní, èmi yóò wá láti gbè é.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.