Brevet Ọmọ Kétu: Kí Ni Wọ́n Kọ Sínú Rẹ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa ọ̀dọ́kùnrin Kétu tó to wẹ́wẹ́ piezo, seramiki tó ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, sábẹ́ òkúta ìtẹ́lẹ̀, tí iná kékeré sì ń tàn bí èèyàn bá ti ń tẹ̀ ẹ́ kọjá, dùn mọ́ mi nínú. Ọmọ náà ṣe iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni kò wọ̀ mí létí níbẹ̀: ẹ ní ó ti gba brevet, ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, pé èyí fi hàn pé àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ sí i pé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́, pé kò sì sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì níbí ní Àjàṣẹ́ ti gé ìròyìn náà mú wá sí kíláàsì, wọ́n sì ti ń fi í ṣe ẹ̀rí. Mo ní kí n tètè fèsì.

Brevet kì í sọ pé nǹkan dára, kì í sì í sọ pé yóò tà. Ẹ̀tọ́ ló fún ẹni tó ni ín, láti dá ẹlòmíì lẹ́kun kó má ṣe nǹkan náà, kó má sì tà á, fún ogún ọdún, bí ó bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀ déédéé. Ibi tí ẹ̀tọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí wà nínú àwọn gbólóhùn kan tí wọ́n ń pè ní revendications. Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ni pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà ilẹ̀. Ìròyìn yín kò mú ọ̀kan ṣoṣo jáde nínú wọn, a ò sì mọ̀ bóyá oko ńlá ni ọmọ náà gbà tàbí ẹ̀yìnkùlé.

Ta ló tún yẹ ìwé náà wò? Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ fúnni ní brevet. OAPI, àjọ tó ń bójú tó brevet, ní Yaoundé ló ń ṣe é fún wa àti fún àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó wà nínú rẹ̀, 17 ni gbogbo wa, ìwé kan ṣoṣo sì ń múlẹ̀ ní gbogbo wọn. Láti Libreville ní 1962 ni àjọṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí à ń jẹ́ Dahomey, kó tó di OAPI ní Bangui ní 1977. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé lábẹ́ àdéhùn Bangui bí wọ́n ṣe tún un kọ ní 1999, wọ́n ń wo bóyá ìwé pé, bóyá owó pé, bóyá ohun tí èèyàn béèrè bá òfin mu, wọ́n sì ń fún un. Wọn kì í wádìí nígbà náà bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Orí ẹni tó béèrè ni ewu rẹ̀ wà. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Bamako ní 2015 ló mú àyẹ̀wò gidi wọ inú òfin. Àwọn ará wa tó wà lódì kejì ẹnubodè kò yàtọ̀: òfin Nàìjíríà ti 1970 sọ ọ́ gbangba pé ìjọba kò ṣe onídùúró fún ìwé tí òun fúnni. Nítorí náà, "ó gba brevet" lè túmọ̀ sí pé wọ́n yẹ iṣẹ́ ọmọ náà wò fínnífínní, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó san owó, ìwé rẹ̀ sì pé. Ẹ̀yin oníròyìn ló yẹ kó bi í, èwo ni nínú méjèèjì?

Kí àyẹ̀wò má bàa dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí n fi ìbátan piezo tí ọmọ náà lò ṣàlàyé, èyí tó ní ẹlẹ́kitíródù, irin tínrín tí iná ń gbà kọjá, nínú.

Ẹni tó bá ti fi ìṣáná onígáàsì tó ń dún kẹ́ẹ́ dáná rí ti lo piezo. Ní 1880 ni Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i ní Paris pé bí èèyàn bá tẹ àwọn òkúta kan, iná mànàmáná ń jáde lójú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gabriel Lippmann fi ìṣirò sọ pé ó yẹ kó ṣeé yí padà, pé bí a bá gbé iná wọ òkúta náà, òun náà yóò yí gígùn rẹ̀ padà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà dán an wò, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Seramiki tí wọ́n fi òjé, zirconium àti titanium ṣe ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí. Gígùn tó ń gùn yẹn kò tó nǹkan o, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gígùn rẹ̀ ni, mílímítà kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ nǹkan bíi 2,000 fólítì kó tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí òpó seramiki bá ga ní mílímítà 30, 60,000 fólítì nìyẹn. Ta ni yóò gbé ìyẹn sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò?

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọn kì í ṣe òpó náà ní odidi mọ́. Pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tò léra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Wọ́n á tẹ́ àdàlù fàdákà àti palladium sáàárín wọn ní tínrín, wọ́n á wá sun gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú iná tó tó nǹkan bíi 1,000 dígírì. Àwọn irin tínrín àárín yẹn ni ẹlẹ́kitíródù inú. Ọ̀kan á yọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, èyí tó tẹ̀ lé e á yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, títí dé òkè. Nǹkan bíi 200 fólítì ti tó báyìí. Òpó bẹ́ẹ̀ wà nínú injecteur, ohun tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, ti àwọn kan lára mọ́tò àlòkù onígasoil tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé, òun ló ń ṣí ẹnu epo tó ń tì í pa ní ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún.

Ìṣòro ibẹ̀ ni etí. Ẹlẹ́kitíródù tó yọ sí òsì kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀tún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á kọlu ara wọn. Ó níláti dúró díẹ̀ kó tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Seramiki tó wà ní bèbè yẹn kì í gùn, nítorí iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ti àárín ń gùn, ti bèbè dúró gbagidi, wọ́n sì ń fa ara wọn mọ́ra ní àìmọye ìgbà títí ó fi máa sán. Omi inú afẹ́fẹ́ á gba ibi tó sán wọlé, fàdákà á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, òpó á kú. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè ni àwọn ilé-iṣẹ́ Japan, Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ń gba brevet jọ lórí bèbè tí kò fẹ̀ tó èékánná yìí. Ẹni kan gé e ní ọgbẹ́ kékeré, ẹlòmíì fi ihò wẹ́wẹ́ sí i, ẹlòmíì yí ìrísí ẹlẹ́kitíródù padà.

Ẹ wá gbà pé ìwé kan dé iwájú olùyẹ̀wò lónìí, tó sọ pé: òpó piezo, tí ẹlẹ́kitíródù inú rẹ̀ nípọn láti máíkírọ́ònù 1 sí 3 (máíkírọ́ònù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), tí ihò kéékèèké sì wà ní bèbè rẹ̀. Olùyẹ̀wò kò ní bi í bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú mọ́tò. Yóò já gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, yóò sì lọ wo ohun tí ayé ti mọ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ tó dé. Àwọn piezo tí wọ́n tò léra ní àpótí tiwọn nínú ètò tí wọ́n fi ń pín brevet sí ìsọ̀rí, H10N 30/50 ni àmì rẹ̀ láti 2023, abẹ́ H01L 41 ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ó rí ìwé àtijọ́ kan tó ní ẹlẹ́kitíródù máíkírọ́ònù 2 ṣùgbọ́n tí kò ní ihò. D1 ló ń pe ìyẹn. Ó tún rí òmíràn tó ní ihò, D2. Ìwé kan ṣoṣo níláti ní gbogbo rẹ̀ pátá kó tó lè sọ pé nǹkan náà kì í ṣe tuntun, nítorí náà ó jẹ́ tuntun. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ní ọ́fíìsì brevet Europe ní Munich, ìbéèrè tó kàn ni pé: oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó mú D1 lọ́wọ́, tí sísán ń dà á láàmú, ṣé yóò mú ihò D2 wá fi sí i? Pé ó lè ṣe é kò tó. Ṣé ì bá ṣe é?

Ẹni tó béèrè á wá fèsì. Ó lè fi ìdánwò hàn pé nígbà tí ìnípọn bá jẹ́ báyìí nìkan ni ihò náà ń dá sísán dúró, pé bí ó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ihò gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sán. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò retí. Olùyẹ̀wò á ní kó fún gbólóhùn rẹ̀ pọ̀ kó mọ sí ibi tí ìdánwò dé. Bí ó bá fẹ́ fi ohun tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ kún un, wọn kò ní gbà. Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà síra wọn nìyẹn, ó sì lè gba ọdún mélòó kan. Àwọn lẹ́tà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ má sì bínú sí mi, mo máa ń gbádùn wọn ju ojú ewé eré bọ́ọ̀lù yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú olùyẹ̀wò yẹn wo òkúta Kétu. Kí 2010 tó dé, wọ́n ti tẹ́ piezo sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Tokyo, àwọn èrò ń tẹ̀ ẹ́, iná sì ń jáde. Gbogbo ayé ni òfin ń wò, kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ nìkan. Bí revendication ọmọ náà bá sọ pé "òkúta ìtẹ́lẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ èèyàn ṣe iná," ó ti ṣubú kó tó dìde, ohun yòówù kí òǹtẹ̀ orí ìwé náà jẹ́. Ẹ̀yin náà sì ní ó lè tan iná sí gbogbo ọjà Kétu. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tó wúwo tó kílò 60, bí òkúta bá lọ sílẹ̀ ní mílímítà 5 lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, agbára tó fi sílẹ̀ jẹ́ joule 3 (joule ni òṣùwọ̀n agbára). Ìyẹn lè tan gílóòbù LED wáàtì 3 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí a kò bá pàdánù kankan. Piezo kì í sì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Síbẹ̀ mi ò rò pé ọmọ náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Nínú fọ́tò tí ẹ tẹ̀, mo rí rọ́bà táyà àlòkù tó gé sí ọ̀nà kan tó ṣàjèjì lábẹ́ seramiki náà. Seramiki máa ń fọ́ bí ẹrù bá bọ́ lù ú ní ìgún kan. Bí rọ́bà yẹn bá ń pín ẹrù náà ká kí wẹ́wẹ́ piezo má fọ́ nígbà tí alùpùpù bá gun orí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ni olùyẹ̀wò máa ń rí nígbà tí gbogbo ariwo bá ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí fọ́tò yín fi ń kó ìdààmú bá mi. Bí rọ́bà náà kò bá sí nínú ìwé tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn náà ló rò ó, ìwé ìròyìn yín ti sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Amẹ́ríkà máa ń fún oníǹkan ní ọdún kan láti fi ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti fi nǹkan rẹ̀ han ayé. Europe kì í ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò tí ẹ tẹ̀ lè di D1 lọ́wọ́ olùyẹ̀wò Munich. Àwọn akọ̀ròyìn yín kò mọ̀, ọmọ náà kò sì mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa bi oníǹkan: ṣé gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò yìí ti wà nínú ìwé tó o fi sílẹ̀? Bí kò bá tíì sí, ẹ ya òde rẹ̀, ẹ fi inú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé àyẹ̀wò àwọn òyìnbó náà kì í ṣe aláìṣìnà. Òótọ́ ni. Ní 1994, Munich fún ilé-iṣẹ́ W. R. Grace àti ìjọba Amẹ́ríkà ní brevet lórí epo igi dóńgóyárò tó ń pa èbu ara ewéko, ohun tí àwọn àgbẹ̀ India ti ń lò. Àwọn kan takò ó. Munich fagi lé e ní 2000, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí àwọn tó ni ín pè sì forí ṣánpọ́n ní 2005. Ohun tó gba India là ni pé àwọn kan jókòó ka revendications náà, wọ́n sì kó ẹ̀rí jọ nípa ohun tí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú.

Ní Espacenet, ibi tí wọ́n kó brevet jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni kíka brevet, èdè Faransé sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà brevet ọmọ Kétu náà àti revendication rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ní àwọn fẹ́ wá D1 rẹ̀ fún un. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ dìgbà tí ẹ bá dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì kan, Àjàṣẹ́.