Ẹ má lé ìyá ọlọ́mọ níbi iṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fòfin de gbogbo wọn. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ọmọ rẹ̀ nítòsí.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá wá wọṣẹ́ padà, òfin náà ní kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kó fi fọ́mọ lọ́mú. Ọmọ tó wà ní Ìkòròdú, tí ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Marina, báwo ni yóò ṣe mu ọmú ọ̀hún? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland nìkan á jẹ àkókò náà tán! Ìjọba Èkó sọ ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́bìnrin wọn di oṣù 6 ní 2014, wọ́n ṣeun. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ńkọ́? Yàrá kékeré kan, ẹní, àti ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn ọmọ, ṣé ìyẹn náà ló pọ̀ jù?

Ọmọ tó ti ń rìn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa, áyọ́ọ̀nù kì í tutù, abẹ́rẹ́ sì máa ń já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ọjà.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Mushin.